Ọ̀dà Funfun Lábẹ́ Mọ́tò Bàbá Mi

Ilé,
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àjò, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà òtútù. Mo kí Màmá mi pẹ̀lú. Ṣé ìbàdí tí wọ́n ní ó ń ro wọ́n níjọ́sí ti fúyẹ́? Èmi àti Ìyá àgbà wà ní àlàáfíà. Ìyá àgbà ní kí n tó kọ ohunkóhun, kí n kọ́kọ́ kọ ọ́ sókè pátápátá pé àwọn ṣì ń gun mọ́tò fúnra àwọn, láìdi ẹnikẹ́ni mú. Mo ti kọ ọ́.

Mọ́tò yín ń bẹ. Gbogbo Sátidé ni mo ń ta á jí bí ẹ ṣe ní kí n máa ṣe láti ọdún mẹ́rin tí ẹ ti lọ. Mo ń wo omi rẹ̀, mo ń wo ọ́ìlì rẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ní Ọjọ́bọ̀, ni mo ń fi í gbé Ìyá àgbà lọ sí ọsibítù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Òjò ọdún yìí kò mojú ẹnikẹ́ni. Ó ti gbẹ́ ọ̀nà wa láti ẹnu géètì títí dé títì ọlọ́dà, àwọn òkúta tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti yọrí síta bí eyín arúgbó. Mọ́tò yín kò ga tó mọ́. Iwájú rẹ̀ ti wálẹ̀, ó dà bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Mo fi tépù ìránṣọ Màmá mi wọ̀n ọ́n: láti àárín táyà dé etí mádígáàdì, íǹṣì mẹ́rìndínlógún ni lápá awakọ̀, íǹṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àtààbọ̀ lápá èrò. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó mọ́kàndínlógún. Lánàá, ikùn rẹ̀ ha òkúta lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí a tó dé títì. Gbogbo ìgbà tó bá ti ha á ni Ìyá àgbà ń ké "yéè", bí ẹni pé ikùn tiwọn ni.

Mo lọ bá Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́. Ẹ mọ̀ wọ́n, mẹkáníìkì ìsàlẹ̀ títì tó máa ń sọ "pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́" bí wọ́n bá ti ń fi òòlù lu nǹkan. Wọ́n ní irú mọ́tò tiwa yìí, kì í ṣe sípíríǹgì ló gbé iwájú rẹ̀ ró. Ọ̀pá irin gígùn méjì ni, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí wọ́n lọ́ bí ìgbà téèyàn ń fún aṣọ tó lómi. Bóòtù kan wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ti ń yí i kó le, bẹ́ẹ̀ ni iwájú mọ́tò á máa gbéra. Wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀sán kan ni.

Mo ń tọrọ àyè lọ́wọ́ yín kí a gbé e sókè, íǹṣì méjì péré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Òjò kì í dúró de ìwé.

Èmi ọmọ yín,
Oníwọ̀n


Òkè òkun,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹfà

Oníwọ̀n mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Màmá rẹ kí ọ. Ìbàdí rẹ̀ ti fúyẹ́, ahọ́n rẹ̀ nìkan ni kò tíì rí ìsinmi. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun dáadáa, torí o mọ bí o ṣe máa ń wọn oúnjẹ bí ẹni ń wọn oògùn. Èmi ni mo jẹ̀bi. Láti ọjọ́ tí o ti fi rúlà wọn irùngbọ̀n mi lójú oorun ló ti yẹ kí n gba rúlà yẹn lọ́wọ́ rẹ, orúkọ ni mo fún ọ dípò.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò: má fọwọ́ kan iwájú rẹ̀. Mo tún un sọ, kí ó má di pé o kò rí i kà dáadáa: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi sípánà kan iwájú mọ́tò mi. Mo mọ Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́. Ìlẹ̀kùn ni mo gbé lọ bá a lọ́jọ́ kan, ẹ́ńjìnnì ló tú. Bí ọwọ́ bá ń yún un, kó lọ tú tirẹ̀. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, ọ̀nà là ń tún ṣe. Wá òkúta wẹ́wẹ́, kí o fi dí àwọn ihò náà, tàbí kí o máa gba ọ̀nà afárá.

Màámi ńkọ́? Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ṣì ń gun mọ́tò fúnra wọn? Ẹsẹ̀ wo ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé? Ṣé wọ́n máa ń sinmi lágbedeméjì? Kọ gbogbo rẹ̀ sí mi, má fi ìkankan pamọ́. Ìwọ ni ojú mi níbẹ̀.

Iṣẹ́ ń lọ. Páálí ni mo ń tò sórí pẹpẹ láti àárọ̀ dọ́sàn-án, pẹpẹ tó ga ju òrùlé wa lọ. Ọ̀gá mi fi ọdún méjì péré jù ọ́ lọ, orúkọ mi gan-an ló ń pè mí, gbọnrangandan. Mo ti ń jẹ́ ẹ.

Má bínú pé ohùn mi le.

Bàbá rẹ


Ilé,
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìsúnmọ́ òrùlé.

Mo gbọ́ àṣẹ yín, mo sì pa á mọ́. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí pípa á mọ́ bí.

Afárá ti ya lọ láti oṣù Kẹrin. Mo rò pé mo ti kọ ọ́ sí yín. Àwọn ihò ọ̀nà, mo dí wọn. Bárò òkúta wẹ́wẹ́ méjìlélógójì ni mo tì, èmi nìkan. Òjò ọjọ́ kan péré kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà télọ̀ ìsàlẹ̀ wa. Télọ̀ wá kí mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní Ọlọ́run á san án fún mi, ó pẹ́ tí òun ti fẹ́ tún iwájú ilé òun ṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mọ́tò gun òkúta kan, kò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ọ́ìlì dà sílẹ̀. Ìyá àgbà sọ̀kalẹ̀, wọ́n jókòó sórí òkúta náà gan-an, wọ́n ní, "Ó kúkú tẹ́jú. Ẹni tó bá dá wa dúró, ó yẹ kó fún wa ní àga." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a kò dé ọsibítù. Oògùn wọn tán ní Sátidé. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́ Ajé, wọ́n ní ojú àwọn ń ṣú. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní ojúlé kẹta wá wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Kò sọ iye rẹ̀ sókè. Ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi hàn mí lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Òun ló bá wa gba oògùn oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó lè fún wọn ní òmíràn àyàfi kí dókítà fi ojú ara rẹ̀ rí wọn.

Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń gun mọ́tò. Ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé. Wọ́n á di ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn mú, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á gùn ún lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kì í sinmi lágbedeméjì. Tí wọ́n bá jókòó tán, wọ́n á wojú mi, wọ́n á ní, "Ṣé o rí i? Ẹsẹ̀ tí wọ́n ní ó ti kú." Lẹ́yìn náà wọ́n á gbá dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì, kí n lè mọ̀ pé ó tó àkókò láti lọ. Mo wọn ibi tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ lé. Íǹṣì mẹ́tàdínlógún ni sílẹ̀.

Ó ku ohun kan. Nígbà tí Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wá dí ibi tí ọ́ìlì ti ń jò, mo bá wọn wọ abẹ́ mọ́tò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n má baà tú ohun tí ẹ ní kí wọ́n má tú. Mo wo bóòtù méjèèjì. Wọn kò dípẹtà, wọn kò sì yọ̀ fúnra wọn. Ẹnìkan ló tú wọn sílẹ̀. Ìlà ọ̀dà funfun kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, tín-ín-rín, bí ìgbà téèyàn bá sàmì sí ibi tí nǹkan wà kó tó gbé e kúrò níbẹ̀. Ọ̀dà fèrèsé yàrá Ìyá àgbà ni. Mo mọ̀ ọ́n, ó pọ́n díẹ̀ bí wàrà. Mo fi eyín bóòtù tó yọ síta ka iye ìgbà tí wọ́n yí i: mẹ́sàn-án lápá èrò, méje lápá awakọ̀. Ẹni tó ṣe é ní sùúrù, ó sì nu òróró kúrò lẹ́yìn iṣẹ́. Kì í ṣe Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́.

Bàbá mi, kí ló dé tí ẹ fi sọ orí mọ́tò yín kalẹ̀?

Oníwọ̀n


Ilé,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Keje

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. N kò gbọ́ ohùn yín. Mo mọ iye ọjọ́ tí lẹ́tà ń gbà, mo sì ti fi ọjọ́ mẹ́rin kún un.

Bí ìbéèrè mi bá dùn yín, ẹ bá mi wí. Ìbáwí sàn ju ìdákẹ́ lọ. Ìyá àgbà ń bi mí lójoojúmọ́ pé ṣé ọmọ àwọn kọ̀wé. Mo ń sọ pé ọ̀nà lẹ́tà ló bàjẹ́. Wọ́n ní, "Ọ̀nà tiwọn náà?"

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹjọ, ni dókítà máa rí wọn. Oògùn wọn kò ní kọjá ọjọ́ náà. N kò tàpá sí yín rí, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá, tí n kò gbọ́ nǹkan kan, màá gbé mọ́tò yẹn sókè.

Ẹ dákun, ẹ kọ̀wé kí n má baà ṣe é láìsí ìyọ̀ǹda yín.

Oníwọ̀n


Òkè òkun,
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹjọ

Oníwọ̀n mi,

Lẹ́tà rẹ méjèèjì wà níwájú mi. O kò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo ń wá ẹnu tí màá fi sọ ọ́.

Ṣé o rántí ọdún tí a fẹ́ lọ? Ní oṣù Kejì ọdún náà, orúnkún Màámi kò gbà wọ́n láyè láti gun mọ́tò mọ́. Lọ́jọ́ kan, níwájú ilé, gbogbo àdúgbò dúró, mo na ọwọ́ sí wọn. Wọ́n gbá a dànù. Wọ́n ní, "Ṣé mo ti di ẹrù ni?" Wọ́n yíjú padà, wọ́n wọlé. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ní àwọn kò bá mọ́tò ṣe mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni wọn kò fi jáde. Dókítà ń retí, èmi ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ìwé àṣẹ ìrìnnà wa ti jáde nígbà náà, ó wà nínú dúrọ́ọ̀, ọjọ́ ń lọ lórí rẹ̀. N kò lè lọ, n kò sì lè sọ pé n kò lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n sùn, mo wọ abẹ́ mọ́tò. Mo fi ọ̀dà sàmì síbi tí bóòtù wà, torí mo rò pé lọ́jọ́ kan màá dá a padà. Mo tú u díẹ̀díẹ̀. Apá èrò ni mo tú jù. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kàn gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ dé ibẹ̀. Ó yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n kígbe, "Ẹsẹ̀ mi ti yá!" Wọ́n sọ fún gbogbo àdúgbò. Ọ̀sẹ̀ kejì ni èmi àti màmá rẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Wàyí o, bí o bá gbé iwájú yẹn sókè, Màámi á gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò ní dé ibi tó ń dé. Wọ́n á rò pé ẹsẹ̀ tó yá ti kú padà. Wọ́n á tún wọlé, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn, èmi kò sì sí níbẹ̀. Bí o kò bá gbé e, ẹ kò ní dé ọ̀dọ̀ dókítà. Mo ti rò ó títí, n kò rí ibi tó já sí. Ìwọ lo wà níbẹ̀. Ohun tí o bá ṣe, mo fọwọ́ sí i. Ṣáà má jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Bí o bá máa ṣe é: da kẹrosíìnì sí bóòtù lọ́jọ́ tó ṣáájú. Má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan, fi ẹsẹ̀ irin gbé abẹ́ mọ́tò ró dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó wọ ibẹ̀. Jẹ́ kí táyà méjèèjì fì kúrò nílẹ̀ kí ẹ tó yí ohunkóhun. Tí ẹ bá dé ibi ìlà funfun, ẹ dúró. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wà á síwá-sẹ́yìn kó lè jókòó dáadáa, kí o tó tún un wọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá a to táyà kó gún.

Bàbá rẹ

Ọmọ mi, èmi màmá rẹ ni. Bàbá rẹ ti kọ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń ya á. Eléyìí, mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi sínú àpò ìwé kó tó rí ibi ya. Èmi náà kò mọ̀ títí di àná. Jẹun o.


Ilé,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ìwé yín dé ní Ìṣẹ́gun, ó ku ọjọ́ kan kí ọjọ́ tí mo dá pé. Mo kà á nínú mọ́tò, lórí àga tí Ìyá àgbà máa ń jókòó sí. Mo wo ọwọ́ ìlẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lọ wá kẹrosíìnì.

Ọ̀sán Ọjọ́rú, Ìyá àgbà lọ sùn. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ dé pẹ̀lú rọ́bà táyà tí wọ́n ti gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Mo ní, "Ọ̀gá, kí nìyí?"

Wọ́n ní, "Rọ́bà ni. A ó fi há a lábẹ́, yóò ga."

"A kò ní fi nǹkan há a. Bóòtù la máa yí, a ó dúró síbi ọ̀dà."

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọmọ yìí. Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti wà lábẹ́ mọ́tò."

"Mo gbọ́, sà. Bàbá mi ní ìlẹ̀kùn ni wọ́n gbé wá, ẹ́ńjìnnì lẹ tú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá rẹ kò tíì gbàgbé? Ó dáa, wá fi ojú rẹ wò ó." Wọ́n yí i, mo ń kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, ẹ̀ẹ̀meje. Ìlà funfun méjèèjì padà sí ibi tí ẹ ti gbé wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n bá wa to táyà. Íǹṣì méjìdínlógún lápá awakọ̀, méjìdínlógún lápá èrò. Ó dọ́gba.

Ibi tí Ìyá àgbà ń gbé ẹsẹ̀ lé kò gbéra tó iwájú gan-an, torí ó wà lẹ́yìn táyà. Íǹṣì kan àtààbọ̀ ló fi ga sí i. Mo ronú nípa àpótí, ṣùgbọ́n wọ́n á rí àpótí. Mo wá rò ó pé bí mọ́tò bá gòkè tí ilẹ̀ bá sọ̀kalẹ̀, kò sí ohun tó yí padà. Mo mú ṣọ́bìrì, mo gbẹ́ ihò méjì síbi tí táyà iwájú máa ń dúró sí níwájú ilé, íǹṣì mẹ́rin-mẹ́rin ní jíjìn. Mo fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi má baà dúró, mo da iyanrìn sí i lórí. Mo wa mọ́tò wọ inú rẹ̀, mo wọn ẹnu ìlẹ̀kùn. Íǹṣì mẹ́tàdínlógún. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Lánàá, Ìyá àgbà jáde nínú aṣọ ọsibítù wọn. Wọ́n dúró, wọ́n wo táyà.

"Kí ni táyà yìí ń ṣe nínú ilẹ̀? Ṣé ó ń sin nǹkan ni?"

Mo ní, "Òjò ló gbẹ́ ibẹ̀, Ìyá àgbà."

"Ẹn-hẹn. Òjò tó mọ ṣọ́bìrì lò."

Mo ṣí ìlẹ̀kùn. Wọ́n di ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn mú, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì. Ó dé ibẹ̀. Wọ́n jókòó. Wọ́n tún wo ilẹ̀ kí wọ́n tó wí pé, "Ṣé o rí i?" Wọ́n gbá dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì.

Òkúta kan ṣoṣo kò kàn wá. Ní ọsibítù, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì gbé ga fún àwọn tó ń rìn, níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ tí wọ́n sì ti gùn ún padà. Dókítà fún wọn ní oògùn tuntun, ó ní a tètè dé, ká ní ó tún ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ọ̀rọ̀ náà ì bá yàtọ̀.

Bàbá mi, ó jọ pé wọn kò mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ilé, wọ́n ní kí n wá ìwé àti kálàmù ní ọjọ́ Àìkú, àwọn ní lẹ́tà tí àwọn fẹ́ kọ.

Oníwọ̀n


Ilé,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹjọ

Ọmọ mi, ọkọ mi,

Ọmọ rẹ ló ń kọ eléyìí, ẹnu mi ló ti ń jáde. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má fi rúlà gé ọ̀rọ̀ mi. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó mi. Kó máa fi omi gbígbóná tẹ ìbàdí rẹ̀.

Ẹsẹ̀ mi kò yá rí.

Kọ ọ́, ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí o gbé kálàmù sókè? Kọ ọ́.

Ọjọ́ tí o wọ abẹ́ mọ́tò, o rò pé mo sùn. Arúgbó wo ló ń sùn nígbà tí irin ń dún kó-kó-kó lábẹ́ fèrèsé rẹ̀? Mo dìde, mo ká aṣọ fèrèsé díẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ méjèèjì ló yọ síta. Mo mọ àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Nígbà tí o jáde, ọ̀dà wà ní imú rẹ. O lọ jìnnà díẹ̀, o wo mọ́tò, o rẹ́rìn-ín nìkan. Mo padà sórí ibùsùn, mo pa ojú dé.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gùn ún, mo sì rí ojú rẹ. Mo sọ nínú ara mi pé, bí mo bá ní o ṣeun, ọmọ yìí á mọ̀ pé mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi kò dára, kò sì ní lọ mọ́. Mo ti rí ìwé yín nínú dúrọ́ọ̀. Bàbá rẹ kú sídìí mi, kò rí ibì kankan lọ. Mi ò fẹ́ kí ìwọ náà jókòó tì mí. Ni mo bá pariwo. Mo pa irọ́ fún gbogbo àdúgbò, mo pa á fún télọ̀, mo pa á fún nọ́ọ̀sì. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gbá pátákó inú mọ́tò yìí bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Ní báyìí, ọmọ rẹ ti gbẹ́ ilẹ̀. Alẹ́ tó yẹ kí n ti sùn ni mo ń wò ó, bó ṣe ń gbẹ́ ẹ ló ń wọ̀n ọ́n, ó ń da iyanrìn lé e lórí bí ológbò. Bàbá ń rẹ mọ́tò sílẹ̀, ọmọ ń rẹ ilẹ̀ sílẹ̀. Bí mo bá tún gbó sí i, kí ni ẹ ó wá rẹ̀ sílẹ̀?

Gbogbo ọgbọ́n yìí, gbogbo ìwọ̀n yìí, nínú ẹ̀yin méjèèjì kò sí ẹni tó bi mí pé, "Ìyá, ṣé kí n fún yín lọ́wọ́?"

O ó ní o na ọwọ́ lọ́jọ́ kan, mo gbá a. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbá a. Ojú ayé ló tì mí. Ṣé ọwọ́ tí wọ́n bá gbá lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í nà án lẹ́ẹ̀kejì ni? Nígbà tí mo ń kọ́ ọ ní ìrìn, ìgbà mélòó lo gbá tèmi?

Ó tó. Ó rẹ̀ mí.

Ìyá rẹ

Bàbá mi, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní láti dúró kí ìwé má baà tutù. Oníwọ̀n.


Òkè òkun,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ

Oníwọ̀n mi,

Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lónìí. Ọ̀gá mi kékeré bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ojú mi. Mo ní ìyá mi ló bá mi wí. Ó ní, "Ó burú tó bẹ́ẹ̀?" Mo ní ó dáa tó bẹ́ẹ̀. Ó sọ pé kí n lọ mu omi.

Mo ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní oṣù Kejìlá. Èmi àti màmá rẹ ń bọ̀. Má tíì sọ fún wọn, màá sọ ọ́ fúnra mi nínú lẹ́tà tiwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn eléyìí. N kò ní wọ abẹ́ mọ́tò kankan nígbà tí mo bá dé. Ọwọ́ mi ni màá gbé wá.

Kí n tó dé: dí ihò méjèèjì. Ní Ọjọ́bọ̀ tó bá tẹ̀ lé e, na ọwọ́ rẹ. Bí wọ́n bá gbá a, nà án lẹ́ẹ̀kejì. Kọ ọ́ sí mi bó ṣe rí, pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n rẹ̀.

Bàbá rẹ


Ilé,
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìgbáradì. Mo dí àwọn ihò náà ní Ọjọ́rú, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹnu ìlẹ̀kùn mọ́tò ga ní íǹṣì méjìdínlógún àtààbọ̀ báyìí. N kò bo nǹkan kan mọ́lẹ̀.

Lánàá, Ìyá àgbà jáde, wọ́n wo ilẹ̀ tó tẹ́jú, wọ́n wò mí. Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi. Wọ́n gbá a.

Télọ̀ wà níta, ó ń wò wá. Mo nà án lẹ́ẹ̀kejì.

Wọ́n ní, "Bàbá rẹ ló kọ́ ọ."

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ bàbá mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n di ọwọ́ náà mú. Ọwọ́ wọn gbóná, ó sì wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì, wọ́n sinmi lágbedeméjì, wọ́n gùn ún. Wọn kò sọ pé "Ṣé o rí i?" Wọn kò gbá dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo iwájú, wọn kò sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ kí n lọ wa mọ́tò. Dókítà ní ká tètè dé."

Wọ́n ní, "Ta ló ń lé wa?"

Mo dúró. Ẹ ní kí n kọ gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ sí yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí. N kò wo aago.

Èmi ọmọ yín,
Oníwọ̀n